Páàtì àtúnṣe fún lọ́rì àtijọ́: bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò kí owó tó jáde lápò

Lóru ọjọ́ kan, lójú ọ̀nà Ifẹ̀ sí Ìbàdàn, ó ku díẹ̀ ká dé Ìkirè, lọ́rì Mercedes 911 bàbá mi dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì pẹ̀lú pákó Oǹdó tó ń gbé lọ sí Bódìjà. Awakọ̀ ti pa ẹ́ńjìnnì kó lè wo táyà ẹ̀yìn. Nígbà tó fẹ́ ṣí i padà, kíkì, ẹ̀rọ tó ń fi iná bátìrì yí ẹ́ńjìnnì kó lè ṣí, dún "kó" lẹ́ẹ̀kan, ó sì dákẹ́. Ibẹ̀ la sùn. Kíkì yẹn ò lò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ lára ọkọ̀. Lọ́jọ́ tí a rà á, ó ń dán bí ẹni pé inú páálí ilé iṣẹ́ ló ti ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, wọ́n fọ́n ọ̀dà fàdákà sí i láti orí dé ìdí.

Nígbà tí a tú u nílé, mo gbé ọ̀pá àárín rẹ̀ sínú oòrùn, mo sì wò ó dáadáa. Kábọ̀nù tuntun, èyí tó ń gbé iná sára ọ̀pá náà, ni wọ́n fi sí i lóòótọ́. Ṣùgbọ́n búṣì inú rẹ̀, òrùka tí ọ̀pá ń yí nínú rẹ̀, ti jẹ débi pé ọ̀pá náà ń mì bí eyín ọmọdé tó fẹ́ ká. Irin àárín ti ń ha irin ẹ̀gbẹ́, ibi tó ti ń ha á sì ń dán yàtọ̀ sí ibi yòókù. Orí bàbà tí kábọ̀nù ń jókòó lé ti tín-ín-rín, torí wọ́n ti gbé e sórí ẹ̀rọ léètì lọ́pọ̀ ìgbà, tí wọ́n ń fá a kó lè dán. Owó kábọ̀nù àti owó ọ̀dà nìkan ni ẹni tó tún un ṣe ná.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń yẹ páàtì wò bí ẹni ń yẹ àgbò iléyá wò. Ohun tí mo sì rí ni pé gbogbo páàtì ló ní ohun tó ṣeé pààrọ̀, ó sì ní ẹran ara tí kò ṣeé dá padà. Kábọ̀nù, búṣì, bẹ́árìn, rọ́bà àti láínì bíréèkì ṣeé pààrọ̀. Ara irin, ọ̀pá, inú sìlíńdà, inú dírọ́ọ̀mù àti orí bàbà kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ìwọ̀nyí bá ti gbẹ́ tán, ọ̀dà kò lè dá wọn padà. Ẹni tó ń ra àtúnṣe, ẹran tó kù lára irin ló ń rà.

Ẹ wo bí àwọn ọkọ̀ wa ṣe pẹ́ tó. 9 tó wà nínú orúkọ 911 ni tọ́ọ̀nù tí ọkọ̀ àti ẹrù rẹ̀ lè wọ̀n pọ̀, 11 sì ń tọ́ka sí agbára ẹṣin 110. Jámánì ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń ṣe irú lọ́rì yìí, nígbà tó sì di àwọn ọdún 1980, ilé iṣẹ́ ANAMMCO ní Emene, nítòsí Enugu, ti ń to lọ́rì Mercedes pọ̀ níbí. Kíkì tó bá ti wà láti ìgbà yẹn lè ti gba ọwọ́ ríwáyà, àwọn tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, mẹ́fà tàbí méje kọjá, oníkálukú wọn sì ti fá díẹ̀ kúrò lára rẹ̀.

Kí ẹ tó lọ sọ́jà: ṣé páàtì yín ló bàjẹ́?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó tọ́ nípa àwọn ọlọ́jà náà. Ọ̀pọ̀ páàtì tí a ń dá padà tí a sì ń pariwo pé kò dáa, wáyà ọkọ̀ wa ló ń pa á. Mo ti rí ẹni tó ra kíkì mẹ́ta tẹ̀léra fún ọkọ̀ kan ṣoṣo, tó jẹ́ pé wáyà ẹ́ẹ̀tì tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ ṣásí ló ti jẹrà sínú rọ́bà rẹ̀.

Mítà kékeré ti tó fún iṣẹ́ yìí. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ sinmi mọ́jú, kí ẹ wọn bátìrì kọ̀ọ̀kan láàárọ̀. Bátìrì tó kún gbọ́dọ̀ fi nǹkan bíi 12.6 fólítì hàn. Kí ẹnì kan wá kíkì ọkọ̀ nígbà tí mítà ṣì wà lórí bátìrì. Bí bátìrì kan bá já sísàlẹ̀ 9.6, bátìrì ni kí ẹ kọ́kọ́ bá wí. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ẹnu mítà kan sórí ibi òdì bátìrì, kí ẹ gbé ìkejì sára irin kíkì fúnra rẹ̀, kí wọ́n tún kíkì ọkọ̀. Ohun tí mítà bá sọ ni iná tó ń ṣòfò sójú ọ̀nà. Bó bá ju ìdajì fólítì lọ dáadáa, ẹ lọ ha ẹ́ẹ̀tì, ẹ fọ ẹnu wáyà, ẹ dè é le. Ẹ ṣe bákan náà láàárín ibi tó ń gbé iná wá lórí bátìrì àti ibi tí wáyà ńlá ti wọ kíkì. Bí ẹ bá ṣe gbogbo èyí tí kíkì ṣì ń dún "kó", ó di dandan kí ẹ tú u.

Ẹ má tètè fi tiyín ṣe pààrọ̀

Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà á ní kí ẹ mú ògbólógbòó tiyín wá, kí ẹ fi owó kún un, kí ẹ gbé èyí tí wọ́n ti tún ṣe lọ. Ó yá, ó sì rọrùn. Ṣùgbọ́n bí lọ́rì yín bá ti wà lọ́wọ́ ẹ̀yin tàbí bàbá yín láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí kíkì tàbí ọ́tánétọ̀ (ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì ní iná) tó wà lára rẹ̀ jẹ́ ojúlówó tó bá a wá, tí ẹran ṣì pọ̀ lára rẹ̀. Ẹ lè gbé àgbò lọ kí ẹ gba awọ bọ̀.

Bàbá ríwáyà kan ní Ìbàdàn ló là mí lójú lórí èyí. Mo gbé kíkì wa dé ọ̀dọ̀ wọn, mo ní kí wọ́n bá mi wá òmíràn. Wọ́n wò ó, wọ́n yí i lọ́wọ́, wọ́n ní: "Ọmọ mi, tìẹ yìí, mo mọ ohun tó ṣe é. Èyí tó o fẹ́ lọ rà yẹn, ta ló mọ ohun tó ti ṣe é?" Mo ní, "Ẹ ṣé, Bàbá. Ẹ bá mi tún un ṣe." Mo jókòó tì wọ́n títí wọ́n fi ṣe é tán.

Ohun tí mo máa ń ṣe láti ìgbà náà nìyẹn. Mo máa ń ra búṣì, kábọ̀nù àti bẹ́árìn tuntun fúnra mi, màá gbé wọn lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ iṣẹ́, màá sì jókòó níbẹ̀. Ó ń jẹ mí ní ọjọ́ kan. Mo fara mọ́ ọn.

Bó bá wá di dandan kí ẹ rà, bóyá torí tiyín ti jóná kọjá àtúnṣe, ẹ gbé e dání lọ. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé orúkọ ọkọ̀ nìkan. Ẹ wo fólítì tí wọ́n kọ sára rẹ̀, torí ọkọ̀ míràn ń lo 12, òmíràn ń lo 24, àwọn kan sì wà tó ń fi 24 kíkì tó sì ń fi 12 tan iná. Ẹ ka eyín tó wà lẹ́nu kíkì, ẹ wo ihò tí bóòtù ń gbà, ẹ fi rúlà wọn ibi tí eyín sinmi sí láti ojú irin tó lẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì OM 352, oní-sílíńdà 6, ló wà nínú ọ̀pọ̀ lọ́rì Mercedes 911 àti 1113, ìdí nìyẹn tí páàtì ọ̀kan fi sábà máa ń wọ èkejì. Síbẹ̀, ẹ kà á.

Lórí tábìlì ọlọ́jà

Yálà ọjà Ládípọ̀ l'Ékòó ni ẹ lọ tàbí ọjà Gate n'Íbàdàn, ọ̀sán ni kí ẹ lọ, kí ẹ mú tọ́ọ̀ṣì kékeré, síkúrúdíráfà àti àkísà dání. Ọ̀dà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ọ̀dà tó bo orí bóòtù, tó bo nọ́ńbà, tó sì kún inú ihò ń fi yé yín pé wọn ò tú páàtì náà kí wọ́n tó kùn ún, tàbí pé wọ́n fẹ́ bo nǹkan kan mọ́lẹ̀. Ẹni tó tú kíkì tó sì fọ̀ ọ́ dáadáa, ojú bóòtù rẹ̀ á fi hàn pé sípánà ti kàn án. Bí wọ́n bá fi ayùn fá ibi tí nọ́ńbà wà, ẹ gbé e sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ sọ fún ọlọ́jà pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé ẹ fẹ́ kí ó ṣí ìdérí ẹ̀yìn. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣí i díẹ̀ kí n rí kábọ̀nù." Bóòtù méjì tàbí mẹ́ta ni. Ẹni tó dá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lójú kì í bínú sí èyí, àwọn kan tilẹ̀ máa ń fi yangàn. Ẹni tó bá kọ̀ jálẹ̀, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ.

Kíkì

Àṣìṣe tó pọ̀ jù lọ ni pé ọlọ́jà á gbé kíkì sílẹ̀, á fi wáyà bátìrì kàn án, á yí "fíìì", ẹ̀yin náà á sanwó. Yíyí lásán kò fi nǹkan kan hàn. Kíkì tí búṣì rẹ̀ ti jẹ máa ń yí dáadáa nílẹ̀, torí kò sí ẹrù lórí rẹ̀. Ìgbà tó bá kojú ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì tó tutù, ọ̀pá inú rẹ̀ á fẹ̀gbẹ́ kan, irin á kan irin, iná gbogbo á sì bá ibẹ̀ lọ. Bí kíkì wa ṣe ṣe nítòsí Ìkirè nìyẹn.

Torí náà, ẹ di orí ọ̀pá tí eyín wà mú, kí ẹ gbé e sókè kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀. Bí ọwọ́ yín bá gbọ́ "kọ, kọ", búṣì ti lọ. Ẹ fi ọwọ́ yí eyín náà: ó gbọ́dọ̀ yí wọ́ọ́rọ́wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kó sì le gbagidi sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Bó bá yí sí méjèèjì, kíkì á máa fò lásán lọ́jọ́ kan tí ẹ́ńjìnnì ò ní yí. Ẹ wo ẹnu eyín, bóyá ó ti jẹ bí àgbàdo tí eku jẹ.

Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú ìdérí ẹ̀yìn tí wọ́n ṣí. Orí bàbà tó dáa máa ń ní àwọ̀ kọfí fẹ́ẹ́rẹ́ tàbí kó mọ́ bíi ṣílè tuntun, àlàfo tín-ín-rín tó wà láàárín bàbà kan sí èkejì á sì jin díẹ̀. Bí àlàfo náà bá ti bá ojú bàbà dọ́gba, wọ́n fá orí bàbà wọn ò gbẹ́ àlàfo, kábọ̀nù tuntun á sì tètè jẹ tán. Ẹ fi imú yín gbóòórùn. Wáyà tó ti jóná rí ní òórùn tí kò ṣe é gbàgbé, kódà bí wọ́n bá fọ́n ọ̀dà pupa lé e.

Ọ̀dà pupa yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún. Àwọn kan ń fi wáyà alumíníọ́mù wé ohun tó yẹ kí wọ́n fi wáyà bàbà wé, wọ́n á wá fi ọ̀dà pupa bò ó. Òòfà ò ran yín lọ́wọ́ níbí, torí kò fa bàbà, kò sì fa alumíníọ́mù. Ẹ ní kí ọlọ́jà fi orí síkúrúdíráfà ha ẹnu wáyà kan níbi tó ti yọ síta, díẹ̀ péré. Bó bá pọ́n dénú, bàbà ni. Bó bá funfun, ẹ má gbé e.

Bí ẹ bá fẹ́ dán an wò níkẹyìn, kí wọ́n fi fáìsì di í mú. Kíkì lọ́rì máa ń ta bí ẹṣin nígbà tí iná bá kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, mo sì ti rí ọmọ iṣẹ́ tó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tó sì fara pa.

Ọ́tánétọ̀

Ìṣòro ọ́tánétọ̀ àtúnṣe ni pé ó lè bàjẹ́ díẹ̀ kó sì máa ṣiṣẹ́ díẹ̀. Dáyóòdù ńlá 6, tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo, ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Bí ọ̀kan bá kú, iná pupa inú dáṣíbọ́ọ̀dù lè má tàn dáadáa, ẹ ó rò pé gbogbo nǹkan ń lọ, àfìgbà tí ẹ bá tan iná lálẹ́ tí bátìrì ò sì gbé ọkọ̀ láàárọ̀.

Lórí tábìlì, ẹ fi ọwọ́ yí i, ẹ fetí sí bẹ́árìn. Ó gbọ́dọ̀ dákẹ́. Ariwo bíi ti yanrìn nínú agolo túmọ̀ sí pé bẹ́árìn àtijọ́ ni wọ́n fọ̀ tí wọ́n fi gírísì tuntun sí. Ẹ wo púlì: ṣé bẹ́líìtì tiyín ló bá ojú rẹ̀ mu?

Ibi tí ìdánwò gidi wà ni ara ọkọ̀. Ẹ dè é, ẹ ṣí ẹ́ńjìnnì, ẹ wọn bátìrì. Ọkọ̀ 12 fólítì á wà láàárín 13.8 sí 14.5, ti 24 á wà ní nǹkan bíi 27.6 sí 28.8. Ẹ má pa á síbẹ̀ yẹn. Ẹ tan iná ńlá, kí ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí gbogbo rẹ̀ gbóná, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Ọ̀pọ̀ àtúnṣe tí kò dáa, ìgbà tó bá gbóná ló ń já. Lẹ́yìn náà, ẹ yí mítà sí AC, kí ẹ tún wọn bátìrì yẹn kan náà. Bí ẹ bá rí ju ìdajì fólítì lọ lára ọkọ̀ 12, dáyóòdù kan ti kú nínú rẹ̀, ẹ gbé e padà lọ́jọ́ náà.

Bíréèkì: níbí, mi ò kí ń dunadura

Kíkì tó bàjẹ́ á jẹ́ kí ẹ sùn sójú ọ̀nà. Bíréèkì tó bàjẹ́ pẹ̀lú tọ́ọ̀nù pákó lẹ́yìn yín jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀mí, ti yín àti ti ẹni tó ń ta dòdò lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Mi ò kí ń ra sìlíńdà ẹsẹ̀ bíréèkì àtúnṣe lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Tuntun ni mo ń rà. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á fi sáńpépà fá inú sìlíńdà tí ìpẹtà ti jẹ, títí á fi dán, wọ́n á fi rọ́bà tuntun sí i. Ihò ti wá fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, rọ́bà ò sì lè dí i dáadáa. Bó bá jẹ́ tiyín lẹ ń pààrọ̀ rọ́bà inú rẹ̀, ẹ fi èékánná ìka kékeré gba inú rẹ̀ kọjá. Bí èékánná bá kọ́ nǹkan, ẹ sọ ọ́ nù. Ẹ má fi bẹntiróòlù tàbí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì fọ rọ́bà náà, á wú. Ọ́ìlì bíréèkì ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́.

Láínì tí wọ́n tún kàn mọ́ bíréèkì ṣúù yàtọ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ tó dáa ni, bí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá ṣe é sára ṣúù tiyín. Bí ẹ ó ṣe yẹ̀ ẹ́ wò rèé. Ẹ mú bébà owó, kí ẹ gbìyànjú láti tì í sáàárín láínì àti irin. Kò gbọ́dọ̀ wọlé níbì kankan. Orí rífẹ́ẹ̀tì tó kan láínì mọ́ irin gbọ́dọ̀ jìn wọnú láínì dáadáa. Ẹ fi irin kékeré kan lù ú: láínì tó lẹ̀ á dún gan-an, èyí tí kò lẹ̀ á dún bíi pákó tó là. Láínì kan náà ni kí ẹ fi sí ọ̀tún àti òsì. Bí ọ̀kan bá le tí èkejì bá rọ̀, ọkọ̀ á máa fà yín lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì.

Ẹ wá mú ṣọ́ọ̀kì, kí ẹ fi kun inú dírọ́ọ̀mù yíká. Ẹ gbé ṣúù sínú rẹ̀, ẹ fi ọwọ́ tì í síwá sẹ́yìn díẹ̀, ẹ gbé e jáde. Ibi tí ṣọ́ọ̀kì bá lẹ̀ sí lára láínì ni ibi tó ń kan. Mo fẹ́ràn kí ó pọ̀ ní àárín kó sì máa dín kù bọ̀ sí etí. Bó bá jẹ́ orí àti ìdí nìkan ló funfun, láínì náà ò bá dírọ́ọ̀mù mu, á gbóná, á sì máa han. Bó bá sì jẹ́ àárín pínńpín nìkan, wọ́n ti lè gé dírọ́ọ̀mù náà jù: ìwọ̀n tí kò gbọ́dọ̀ kọjá sábà máa ń wà lára irin rẹ̀, ẹ wá a kí ẹ wọ̀n ọ́n.

Ẹ má fi ẹnu fẹ́ eruku inú dírọ́ọ̀mù, ẹ má sì fi afẹ́fẹ́ kọ́mpúrẹ́sọ̀ fọ́n ọn. Àsìbẹ́sítọ́ọ̀sì wà nínú ọ̀pọ̀ láínì àtijọ́, ó sì ń pa ẹ̀dọ̀fóró èèyàn. Ẹ fi omi rin ín, ẹ fi àkísà nù ún, kí ẹ di àkísà náà sínú ọ̀rá kí ẹ sì sọ ọ́ nù. Ẹ sọ ọ́ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ yín, àwọn ló ń mí in símú jù.

Bí gbogbo rẹ̀ bá ti wọlé, ẹ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ kí ẹ sì fẹsẹ̀ dúró lé e fún ìṣẹ́jú kan. Bó bá ń rì lábẹ́ ẹsẹ̀ yín díẹ̀díẹ̀, ọkọ̀ ò tíì kúrò ní ṣọ́ọ̀bù nìyẹn. Láìsí ẹrù ni kí ẹ kọ́kọ́ wà á, kí ẹ rọra máa tẹ bíréèkì ní nǹkan bí ogún ìgbà kí láínì lè bá dírọ́ọ̀mù mọra.

Pọ́ǹpù omi

Èyí ò gùn. Ihò kékeré kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí omi gbọ́dọ̀ gbà jáde bí rọ́bà inú bá ti ń jẹ. Àwọn atúnṣe kan máa ń fi gọ́ọ̀mù dí i kí páàtì má baà jò lójú ọjà. Bí ẹ bá rí ihò tí wọ́n dí, ẹ fi sílẹ̀, torí bẹ́árìn ni omi náà máa wọ̀ lọ.

Rìsíìtì àti àmì

Páàtì iná kì í sábà ṣeé dá padà ní ọjà wa, nítorí náà kí ẹ tó sanwó ni kí ẹ ti bá ọlọ́jà dá ọjọ́ ìdánwò. Ọ̀sẹ̀ kan kò pọ̀ jù. Kí ó kọ ọjọ́, fólítì àti "àtúnṣe" sínú rìsíìtì. Kí ẹ wá fi pọ́ńṣì kan àmì kékeré, níṣojú òun náà, sí ibi tí kò hàn síta, kí ẹ̀yin méjèèjì mọ̀ pé páàtì yìí gan-an lẹ ń sọ. Mo ti gbé páàtì padà rí tí wọ́n ní kì í ṣe tàwọn, mi ò sì ní ohun tí mo lè fi hàn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan lójú ọ̀nà, ẹ tún fa gbogbo bóòtù le, ẹ ṣí ìdérí ẹ̀yìn kíkì kí ẹ wo bí kábọ̀nù ṣe jẹ tó. Bó bá ti jẹ tó ìdá kan nínú mẹ́rin láàárín ọ̀sẹ̀ kan, orí bàbà ò dára, ọjọ́ ìdánwò yín ò sì tíì kọjá. Ògbólógbòó tí ẹ tú kúrò, ẹ fi kẹrosíìnì fọ ara irin rẹ̀, ẹ fi gírísì pa ọ̀pá rẹ̀, ẹ gbé e síbi tí òjò ò dé. Tiwa wà lábẹ́ àtẹ̀gùn nílé, nínú àpò sìmẹ́ǹtì, pẹ̀lú bébà tí mo kọ ọjọ́ tí a tú u àti ohun tó ṣe é sí.